Kí Ẹ Tó Gbé Iwájú Píkọ́ọ̀pù Yín Sókè

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ni pẹ̀lú, nítorí àpò kan náà ni owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ti ń jáde.

Ẹni tó bá ń rìn ní agbègbè Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ kò ní pẹ́ rí píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ti gbé iwájú rẹ̀ sókè. Hilux wà nínú wọn, Tacoma tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá náà wà nínú wọn. Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe é kò ṣòro láti mọ̀. Pẹpẹ kọnkéré tó bo gọ́tà ẹnu ọ̀nà ilé ń ha bọ́ńpà. Òkìtì tí àwọn ará àdúgbò mọ sójú títì láti dín eré ọkọ̀ kù ń gbá ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Bí òjò oṣù Òkúdu bá sì rọ̀, omi a gba ojú ọ̀nà lápá Òkóta àti Ago Palace. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹwà ni wọ́n ń wá: wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ wọn dúró gbọn-in bí akọ màlúù.

Ìbéèrè tí ẹ̀yin òǹkàwé ń bi mí ni pé ṣé ó dára láti ṣe é. Ìdáhùn mi ni pé kò burú bí ó bá mọ níwọ̀n. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé irin tí wọ́n fi gbé iwájú sókè jẹ́ ìdajì iṣẹ́ péré. Ìdajì kejì ni títo ojú táyà àti rírẹ iná iwájú sílẹ̀. Ẹni tó bá sanwó ìdajì àkọ́kọ́, tó fi ìkejì sílẹ̀, ewu ló fi owó rẹ̀ rà fún ìdílé rẹ̀ àti fún ọmọ ẹlòmíràn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Kí ló mú kí iwájú rẹlẹ̀?

Bí ẹ bá gbé píkọ́ọ̀pù tuntun sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí ẹ sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí i pé iwájú rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ̀ ẹrù ni píkọ́ọ̀pù láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Bí Hilux tó kọ́kọ́ jáde ní Japan ní ọdún 1968 ṣe rí nìyẹn, bí Peugeot 504 tí àwọn òbí wa fi ń kó gàárì àti iṣu wọ Èkó ṣe rí nìyẹn. Wọ́n gbé ẹ̀yìn sókè kí ó lè ní àyè láti wálẹ̀ nígbà tí ẹrù bá dé.

Ẹ jẹ́ kí a fi sìmẹ́ǹtì ṣe àpẹẹrẹ. Àpò kan jẹ́ kílógíráàmù 50. Ogún àpò jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹrù tí ọ̀pọ̀ Hilux lè gbé. Bí ẹ bá kó ogún àpò náà sẹ́yìn, ẹ̀yìn yóò wálẹ̀, ọkọ̀ yóò sì tẹ́jú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ti gbé iwájú sókè tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ náà yóò gbé imú sókè bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n di ẹrù sí lẹ́yìn jù. Táyà iwájú kò ní tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bí ó ti yẹ, iná iwájú yóò sì máa wo ọ̀run. Nítorí náà, ẹni tó ń fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kó ẹrù tó wúwo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìbáà jẹ́ sìmẹ́ǹtì tàbí ẹrù aṣọ lọ sí ọjà Aswani lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìmọ̀ràn mi fún un ni pé kí ó fi iwájú sílẹ̀ bí ó ṣe wà.

Ìdí mìíràn tí iwájú fi ń rẹlẹ̀ ni àárẹ̀. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ píkọ́ọ̀pù tí à ń lò, wọ́n sì ti rin ìrìn àjò tó jìnnà kí wọ́n tó wọ èbúté Àpápá. Kòtò ojú títì wa ló wá parí èyí tó kù. Sípíríǹgì a máa rọ̀, ṣọ́ọ̀kì a máa jo òróró. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, tàbí tí ọkọ̀ ń mì bí ẹní ń jó lẹ́yìn tó ti kọjá òkìtì, àìsàn ló ń ṣe é. Kí a wá gbé irin lé orí sípíríǹgì tó ti kú, ó dà bí kí a wọ bàtà gíga fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú àìsàn náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tuntun nìkan yóò dá gíga tó sọnù padà, ẹ kò sì ní nílò ohun mìíràn mọ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ rèé. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú láìsí ẹrù nínú rẹ̀. Ẹ mú téèpù, kí ẹ wọ̀n láti àárín gbùngbùn táyà lọ sókè sí etí irin tó bo táyà náà. Ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ inú táyà lè yí iye náà padà. Ẹ wọn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì kọ iye wọn sílẹ̀. Ìwé pélébé yẹn ni ẹ ó fi bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀, òun náà ni ẹ ó fi yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò nígbà tó bá parí.

Ohun tí ó lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe

Nínú Hilux tí wọ́n ń ṣe láti nǹkan bí ọdún 2005, àti nínú Tacoma tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, sípíríǹgì iwájú wé mọ́ ṣọ́ọ̀kì bí ejò ṣe ń wé mọ́ igi. Orí wọn wà lára férémù ọkọ̀, ìdí wọn sì wà lórí apá irin ìsàlẹ̀ tó di táyà mú. Irin roboto pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní spacer ni wọ́n máa ń gbé sí orí ṣọ́ọ̀kì náà, láàrin òun àti férémù, kí ó lè ti apá ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ara ọkọ̀ yóò gòkè.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í rà. Níní irin náà nípọn ní ínṣì kan kò túmọ̀ sí pé ọkọ̀ yóò gòkè ní ínṣì kan. Nǹkan bí àárín apá ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì jókòó sí, kò jókòó sí ìpẹ̀kun rẹ̀ níbi tí táyà wà. Nítorí náà, irin tó nípọn ní ínṣì kan yóò gbé ọkọ̀ sókè tó bí ínṣì méjì. Ẹni tó bá ra irin tó nípọn ní ínṣì méjì, tó rò pé ínṣì méjì ni òun yóò rí gbà, yóò bá ara rẹ̀ lókè réré. Tí ẹ bá dé ọjà Ládípọ̀, ẹ béèrè ohun méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: báwo ni irin yìí ṣe nípọn tó, àti pé mélòó ni yóò gbé ọkọ̀ mi sókè? Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì, ẹ kọjá sí ìsọ̀ tó kàn.

Ìwọ̀n tí mo lè fọwọ́ sí fún ọkọ̀ ìdílé ni ínṣì méjì, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Bí ó bá ti kọjá ínṣì méjì àbọ̀, apá irin òkè yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ sípíríǹgì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì yóò fẹ̀gbẹ́ jù, ṣáàfù tó ń yí táyà iwájú nínú ọkọ̀ onítáyà-mẹ́rin-ń-fà yóò máa yí ní ìtẹ̀kọrọ, róbà tó bo oríkèé rẹ̀ yóò sì tètè ya. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ ó ní láti ra apá òkè tuntun. Iṣẹ́ ti di ńlá nìyẹn.

Àwọn píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan wà tí kò ní sípíríǹgì tó wé mọ́ ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀pá irin gígùn tó ń lọ́ ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ iwájú wọn, bóòtì kan sì wà tí mẹkáníìkì lè yí kí iwájú gòkè láìra ohunkóhun. Ọ̀fẹ́ yẹn dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yí i jù, ẹsẹ̀ kò ní rí àyè láti wálẹ̀ mọ́ nígbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò, ọkọ̀ yóò sì máa fò bí àgbá òfìfo.

Ǹjẹ́ kí ni a rí gbà nínú gbogbo èyí? Bọ́ńpà iwájú kò ní ha pẹpẹ gọ́tà mọ́, iwájú yóò sì rọrùn láti gun òkìtì. Àǹfààní gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ ó rí ìkòkò irin roboto kan láàrin táyà ẹ̀yìn méjèèjì, níbi tí gíà ẹ̀yìn wà. Ibẹ̀ ni ó sún mọ́ ilẹ̀ jù lọ lábẹ́ ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù. Gbígbé iwájú sókè kò gbé ibẹ̀ kúrò lójú kan rárá. Òkúta tó gbá a lánàá yóò gbá a lónìí.

Ní ti omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tan ara yín jẹ. Omi tó ń ṣàn, tí jíjìn rẹ̀ tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, lè gbé ọkọ̀ kékeré lọ. Bí ó bá tó ọgọ́ta, ó lè gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ ńlá. Kí ni sẹ̀ǹtímítà márùn-ún yóò ṣe níbẹ̀? Ojú ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí kò kúrò ní àyè rẹ̀ lára ọkọ̀. Omi sì ń bo kòtò àti gọ́tà tí kò ní ìdérí mọ́lẹ̀, ojú kì í rí wọn. Ọkọ̀ gíga ti mú kí awakọ̀ onígboyà wọ ibi tí awakọ̀ ọkọ̀ kékeré ti fi ọgbọ́n padà sẹ́yìn. Bí omi bá ti bo ojú ọ̀nà, ẹ dúró kí ó fà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Kò pọn dandan kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ lè dúró ti ẹni tó ń ṣe é. Iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni fún ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìdúró ọkọ̀. Lẹ́yìn tí jáàkì bá ti gbé e sókè, ìdúró irin tó lágbára ni kí wọ́n fi sábẹ́ férémù. Búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń wọ abẹ́ rẹ̀, nítorí ó lè fọ́ lójijì láìfi àmì kankan hàn tẹ́lẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá gbé búlọ́ọ̀kù jáde, ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a wá ìdúró irin." Ẹ̀mí tirẹ̀ gan-an ni ẹ ń dá sí.

Wọn yóò yọ táyà, wọn yóò tú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, wọn yóò sì tú wáyà àti ọ̀pá bíréèkì kúrò níbi tí wọ́n ti dì wọ́n mọ́ ara ẹsẹ̀, kí wọ́n má baà já. Wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí bíréèkì máa fì dirodiro lórí ọ̀pá rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò tú nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lórí ṣọ́ọ̀kì àti bóòtì kan tó wà nídìí rẹ̀.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Láàrin àwọn nọ́ọ̀tì mẹ́ta yẹn, ọ̀kan mìíràn wà ní àárín gbùngbùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Òun ló di sípíríǹgì mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti fún un pọ̀. Bí wọ́n bá tú u láìfi irin ìfúnpọ̀ di sípíríǹgì mú, yóò ta jáde bí ọta ìbọn, ó sì lè pa ènìyàn. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ràn spacer tí wọ́n ń gbé sí orí ṣọ́ọ̀kì láìtú sípíríǹgì rárá.

Nígbà tí wọ́n bá ti gbé irin náà sí i, tí wọ́n dá ohun gbogbo padà, tí wọ́n sì ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà, ohun kan tún kù tí ọ̀pọ̀ kì í bìkítà fún. Bóòtì tó la róbà apá ìsàlẹ̀ kọjá kò gbọ́dọ̀ fún tán nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ sílẹ̀, kí ó fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ jókòó, kí wọ́n tó fún un pinpin. Bí wọ́n bá fún un lókè, róbà náà yóò wà ní lílọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, kò sì ní pẹ́ ya. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ yí ìdarí ọkọ̀ dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀pá bíréèkì kò nà jù, bóyá táyà kò sì ha ohunkóhun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ti ń wà á, ẹ padà lọ kí wọ́n tún àwọn nọ́ọ̀tì náà fún.

Ìdajì kejì: ojú táyà àti iná

Bí iwájú bá ti gòkè, ojú táyà ti yí padà nìyẹn. Bí táyà ṣe dúró ṣánṣán, bí ó ṣe kọjú síwájú, àti agbára tó ń dá ìdarí padà sí àárín lẹ́yìn tí a bá ti yà, gbogbo wọn ni ó kàn. Lọ́jọ́ kan náà ni kí ẹ gba ibi àláínmẹ́ǹtì lọ. Kí ẹ béèrè ìwé tí kọ̀ǹpútà wọn ń tẹ̀ jáde, èyí tó ń fi bí ojú táyà ṣe wà kí wọ́n tó tò ó àti lẹ́yìn tí wọ́n tò ó hàn. Ẹni tó bá fo èyí, etí kan táyà rẹ̀ ni yóò jẹ tán, ọkọ̀ rẹ̀ yóò sì máa rìn gbéregbère lójú ọ̀nà márosẹ̀ Oṣòdì sí Àpápá, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé kì í ti í fún ẹnikẹ́ni láyè.

Iná iwájú ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù. Àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn nínú Hilux jẹ́ nǹkan bí mítà mẹ́ta. Bí a bá gbé iwájú sókè ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún láìfọwọ́ kan ẹ̀yìn, ìtànṣán iná yóò máa fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún gòkè ní gbogbo mítà mẹ́ta tó bá lọ. Nígbà tí yóò fi dé ọgbọ̀n mítà, ó ti fi ìdajì mítà ga ju bí ó ti yẹ lọ. Níbẹ̀ gan-an ni ojú ẹni tó wa ọkọ̀ kékeré bọ̀ wà, òun àti ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ojú rẹ̀ bá fi fọ́ ti tó kí ó má rí ẹni tó ń sọdá títì.

Ọ̀nà tó rọrùn wà láti tún un ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ náà, ẹ gbé ọkọ̀ síwájú ògiri lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ní nǹkan bí mítà méje àbọ̀. Ẹ tan iná kékeré, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé fa ìlà sí ibi tí orí ìmọ́lẹ̀ náà mọ, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí táyà dúró. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ẹ padà sí ojú kan náà, kí ẹ yí ìdè iná títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi padà sí orí ìlà yẹn. Bí ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀ iná fúnra rẹ̀ ní Ládípọ̀, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti Japan tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún, ọwọ́ ọ̀tún ni àwa ń gbà láti oṣù Igbe ọdún 1972. Iná wọn a máa tàn yà sí òsì, tààrà sí ojú ẹni tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ láàrin tọkọtaya

Mo mọ̀ pé àwọn ọkọ kan máa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ìkọ̀kọ̀, kí ìyàwó tó mọ iye tí ó jẹ́. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ jókòó, kí ẹ kọ gbogbo ìnáwó náà sílẹ̀: irin, iṣẹ́ ọwọ́, àláínmẹ́ǹtì, títún iná ṣe, àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí róbà tí wọ́n lè bá ní gbígbó nígbà tí wọ́n bá tú ẹsẹ̀. Bí owó kò bá tó gbogbo rẹ̀, ẹ dúró dìgbà tí yóò tó. Ẹ má ṣe dá irin nìkan rà.

Ẹ ro ti àwọn tó ń wọ ọkọ̀ náà pẹ̀lú. Ìyá àgbà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu ha lè gùn ún bí? Àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ lè pọn dandan. Ẹnikẹ́ni mìíràn tó ń wà á, ìyàwó tàbí dírẹ́bà, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ náà ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tó ga rọrùn láti dojúdé bí a bá sáré yà á ní kọ́nà. Ọmọ kékeré tó bá sì sún mọ́ imú ọkọ̀ ṣòro láti rí láti orí ìjókòó, nítorí náà kí a yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan kí a tó ṣíná fún un nínú ọgbà ilé.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé lẹ́yìn gbogbo ìṣirò yìí, ohun tí ẹ ó rí ni pé sípíríǹgì tuntun ti tó, tàbí pé pẹpẹ gọ́tà ẹnu ọ̀nà yín ló yẹ kí bíríkìlà tún ṣe. Owó bíríkìlà lè kéré púpọ̀ sí owó ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí ẹ bá sì pinnu láti gbé e sókè, kí ó jẹ́ ínṣì méjì, kí iṣẹ́ náà pé, kí iná yín má sì fọ́ ojú ọmọ ẹlòmíràn.

A ó tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Títì kò ní ká wa mọ́ o.